Òwú Èéfín Tó Di Ọkọ̀ Ìyá Wa Mú

Ẹ sún mọ́ra, ẹ̀yin ará ilé mi. Òjò tó ń ṣú yìí kò ní rọ̀ kí n tó parí ọ̀rọ̀ mi, bó bá sì rọ̀, òrùlé mi kò jò. Ẹ fún Tìjání alágbẹ̀dẹ láyè lórí ìjókòó dúdú gígùn yẹn, ìdí rẹ̀ fẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Àgbàdo ń bẹ lórí iná, kálukú á mú ọ̀kan. Ẹ máa jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ariwo eyín yín bo ohùn mi mọ́lẹ̀. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹsẹ̀ mi ló rìn ín, ojú mi ló rí i. Èmi Ọdẹ́gbàmí ọmọ Àwẹ̀ró, èmi tí ẹfọ̀n rí lọ́nà tó ní òun gbàgbé nǹkan sílé.

"Bàbá ọdẹ," Tìjání ní, "ṣé ẹfọ̀n yẹn ló sọ fún yín pé òun gbàgbé nǹkan?"

Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Jẹ́ kí n sọ̀rọ̀.

"Ìjókòó yín yìí mà le o. Ó ń dun egungun ìdí mi."

Fara dà á. Àwọn tó sàn jù ọ́ lọ ti jókòó lé e rí.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ Etídò, ìlú tí a bí mi sí, ẹ gbọ́. Odò Àríbẹ̀rù wà níwájú rẹ̀, àbàtà wà lẹ́yìn rẹ̀. Òdìkejì odò ni oko wa wà, àti iṣu, àti ẹ̀gẹ́, àti àgbàdo. Igi ńlá tí wọ́n fi ń gbẹ́ ọkọ̀ sì ti tán láyé àwọn baba wa, nítorí náà àwọn ará Etídò kì í gbẹ́ ọkọ̀, lílẹ̀ ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́. Wọn á fi amọ̀ mọ àwòrán ọkọ̀, wọn á tẹ́ aṣọ ìko lé e, wọn á da oje igi gbígbóná sí i. Wọn á tún tẹ́ aṣọ, wọn á tún da oje, títí yóò fi di ìpele méje. Bó bá gbẹ, ó fúyẹ́ bí igbá, ó sì le bí ìwo. Omídìjí, àbúrò mi tí a jọ mu ọmú kan náà, ni ọ̀gá nídìí iṣẹ́ yìí.

Àṣà kan sì wà ní Etídò tí mi ò rí níbòmíràn. Bí ọkọ̀ tuntun bá parí, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ àfi bí ìyá ẹni tó ṣe é bá ti kọ́kọ́ jókòó sínú rẹ̀, tó sodá odò lọ, tó sodá bọ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó mọ̀ pé ìyá òun ni yóò jókòó sí i kò ní fi ojú kan sùn nídìí iṣẹ́. Òótọ́ sì ni. Ìyá wa Àwẹ̀ró ti wọ ọkọ̀ tuntun nígbà mẹ́rìnlélógún, omi kò sì kan ara rẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n lọ́dún tí mò ń wí yìí, omi yí ìwà padà. Àkúnya odò gbá ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ lọ, àpáta kan bá yọrí láàárín odò, ó ṣe ṣóńṣó bí eyín ajá. A pè é ní Eyín Odò. Ọkọ̀ tí omi bá sọ lù ú, pẹ́ẹ́! ó ti là. Láàárín oṣù kan, gbogbo ọkọ̀ Etídò là tán. Ti ìkẹyìn gbé Àlàdé apẹja lọ tìyàwótìyàwó, omi kò sì dá wọn padà. Oúnjẹ wà lóko, ebi wà nílé. Bẹ́ẹ̀ ni omi ń kún sí i, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ pé bó bá fi máa tó ọjọ́ mẹ́tàdínlógún sí i láìsí ọkọ̀, àwọn ọmọdé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Omídìjí mú àfọ́kù ọkọ̀ kan wá fún mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó. Aṣọ kò já. Oje ló là. Ìlà kékeré kan ló máa ń kọ́kọ́ yọ, bí kò bá sì rí ẹni dí i lọ́nà, á sáré títí á fi la ọkọ̀ já. Mo lè lẹ ọkọ̀ mìíràn, oje tó kù tó ìkòkò méjì. Ṣùgbọ́n ìyá wa ni yóò kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Nínú omi tó kún báyìí."

A lọ bá ìyá wa, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo dọ̀bálẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má wọ ọkọ̀ tó ń bọ̀ yìí. Ìlú á gbọ́ wa yé."

Ìyá wa kò gbójú sókè. "Ọdẹ́gbàmí, ọjọ́ tí àwọn ìyá bá ti jókòó sílé, ọjọ́ yẹn ni ọkọ̀ Etídò di pósí. Màá wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin ẹ lọ wá bí kò ṣe ní là." Ó fọn ìdọ̀tí ẹ̀wà dànù. "Ẹ gbé ojú sókè sí àjà mi. Kí lẹ rí níbẹ̀?"

Pákó oje kan ni Omídìjí ti fi há àjà ilé ìdáná láti ọjọ́ pípẹ́, èéfín ti sọ ọ́ dúdú kirikiri. Mo fà á sílẹ̀, mo fi orúnkún tẹ̀ ẹ́, ó kọ̀, kò ṣẹ́ bọ̀rọ̀ bí àwọn yòókù.

"Èéfín mọ nǹkan," ni ìyá wa wí. "Bàbá mi máa ń sọ ọ́ pé lẹ́yìn Igbó Ìkùukùu, ìyá arúgbó kan wà tó ń ran èéfín bí ẹni ń ran òwú. Ọmọ ọdẹ ni ọ́, àbí ẹnu lásán lo fi ń ṣọdẹ?"

Ọ̀rọ̀ náà ta mí lára. Mo gbé ọfà, mo gbé àdó, mo fi fèrè ọdẹ mi kọ́ ọrùn. Ìwo ẹ̀kìrì ni mo fi ṣe fèrè náà, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ajá nìkan ló ń gbọ́ ọ. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo gba ẹ̀yìn àbàtà, mo wọ igbó lọ.

Nínú Igbó Ìkùukùu, mo ń rìn lójú ọ̀nà kan tó rọ̀ mẹ̀lọ̀mẹ̀lọ̀, ni ohùn kan bá bú jáde: "Ta ni ń tẹ imú mi mọ́lẹ̀?" Àṣé imú iwin kan ni ọ̀nà náà! Orí rẹ̀ dà bí ìkòkò tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, orúnkún rẹ̀ ni ojú rẹ̀ kan ṣoṣo wà, imú rẹ̀ sì nà sílẹ̀ gbọọrọ láti ìdí igi kan dé ìdí èkejì. Ẹlòmíràn ì bá ti tọ̀ sára. Èmi kàn rọra bọ́ sílẹ̀ ni.

"Èmi ni, bàbá. Ẹ má bínú. Ẹ̀yin lẹ tẹ́ imú bí ẹní."

"Bí o kò bá já àlọ́ mi, inú imú yìí ni wàá sùn sí títí ayé. Ó ṣófo nínú, síbẹ̀ ó lágbára ju èyí tó kún lọ. Ó fúyẹ́, síbẹ̀ ó gbé ẹrù tó wúwo gòkè ọ̀run. Kí ni?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bi ara yín. Ta ló pa ẹyẹ tó mi nílẹ̀ yìí? Ẹtu ń sá fún mi, ẹyẹ ń kí mi ní bàbá. Ó ti tó ẹgbẹ̀rún ìgbà tí mo ti ṣẹ́ egungun apá àṣá, tí mo rí i pé ihò ni inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣẹ́ lójú òfuurufú.

"Egungun apá ẹyẹ ni," mo ní.

Iwin náà kẹ́dùn. "O mọ̀ ọ́n. Kí ló dé nígbà náà tí ẹ̀yin ọmọ èèyàn fi rò pé ohun tó bá kún tó wúwo nìkan ló lágbára?" Kí n tó fèsì, ó sín. Sísín náà gbé mi kọjá igbó méjì, ó sì jù mí sílẹ̀ lẹ́nu ibodè ìlú kan.

Ìlú Aṣùmọ́ra ni. Odi yí i ká, igba ihò ló wà lára odi náà, ìkookò sì ń gba inú ihò wọlé nígbà tó bá wù wọ́n. Igba èèyàn ló wà nínú ìlú náà. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá dúró sí ojú ihò kan, ìkookò kò ní ríbi gbà. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló lẹ̀ mọ́ra, igba orí, irínwó ẹsẹ̀, wọ́n ṣùpọ̀ bí ọkà tí kò jinná, wọ́n dúró sójú ihò kan ṣoṣo! Ìkookò ń fi àwọn tó wà níta ṣeré, àwọn tó wà láàárín kò rí oòrùn rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn.

"Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà!" ni gbogbo wọn fi kí mi. "Àlejò, wá dì mọ́ wa, a fẹ́ràn rẹ."

Kí n tó sọ pé ọdẹ kì í dì mọ́ èèyàn, wọ́n ti dì mọ́ mi. Mo di ẹni kọkànlénígba. Ìgbọ̀nwọ́ obìnrin kan wà nínú etí mi, irùngbọ̀n ọkùnrin kan wà lẹ́nu mi. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wà níbẹ̀. Mo fà, wọn kò tú. Mo bẹ̀, wọ́n ní ìfẹ́ ni. Mo gé wọn jẹ, wọ́n rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kẹta mo rántí pé ìka ọwọ́ mi kan kan fèrè. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba. Mo fi ìka kan yẹn fa fèrè náà díẹ̀díẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, títí tó fi kan ètè mi, mo sì fọn ọ́n.

Etí kò gbọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ara gbọ́ ọ. Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n rìrì, eyín ń gbọ̀n, èékánná ń gbọ̀n, ni wọ́n bá tú ká bí àgbàdo tí wọ́n ṣí lára èèpo rẹ̀, wàràwàrà! Kálukú gba ojú ihò tirẹ̀ lọ. Igba ihò, igba èèyàn. Ìkookò wo ìlú náà lọ, ó wò ó bọ̀, ó gba ilé rẹ̀ lọ.

Baálẹ̀ wọn tó ti wà láàárín gbùngbùn wá bá mi, oòrùn ń dùn ún lójú. "Ọdẹ, o ṣeun. Ṣùgbọ́n bí a kò bá rí nǹkan mìíràn dì mú, ara wa la ó tún padà dì mọ́. Ní Ayọ̀bọ̀rọ́ lọ́hùn-ún, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń di nǹkan mú. Kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn, kí o sì ránṣẹ́ sí wa."

"Bàbá ọdẹ," ni Ramọ́tù aládìẹ ké láti ẹ̀yìn, "ta ló ń bọ́ igba èèyàn tó lẹ̀ mọ́ra?"

Àwọn tó wà níta ló ń jẹun, Ramọ́tù. Àwọn ti inú ń gbọ́ òórùn. Jẹ́ kí n máa lọ.

Ní Ayọ̀bọ̀rọ́, ara gbogbo èèyàn ń yọ̀ bí ara ẹja àrọ̀. Ìyá kò lè gbé ọmọ, tọkọtaya kò lè dira lọ́wọ́ mú. Bí mo ti ń wò wọ́n ni ẹsẹ̀ mi kó sínú kòtò ẹlẹ́dẹ̀ igbó kan, mo ré sínú rẹ̀ gbì. Ọkùnrin kan na ọwọ́ sí mi, ọwọ́ rẹ̀ yọ̀ bọ̀rọ́, mo tún padà sí ìsàlẹ̀. Ìgbà mẹ́ta ló nà án, ìgbà mẹ́ta ni mo fi orí gbálẹ̀.

"Ẹ ní sùúrù, kò tíì gba omi," ló wí. Ó sáré lọ rọ omi ọsàn wẹ́wẹ́ tó ti kan bọ́ọ́, ó fi wẹ ọwọ́ rẹ̀. Awọ ọwọ́ rẹ̀ hó, nǹkan tín-tìn-tín sì yọ lára rẹ̀ bí ẹ̀gún èèmọ́ tó máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ lóko. Nígbà tó tún na ọwọ́ náà sí mi, ṣe ló dà bí ìgbà tí gbòǹgbò di ilẹ̀ mú. Ó fà mí jáde bí iṣu. Mo béèrè ohun tó dé tí wọn kì í fi omi náà wẹ̀ lójoojúmọ́. Ó ní ó máa ń ta, àti pé ẹni tí kò bá fẹ́ ìrora kò lè di ẹlòmíràn mú. Mo fi ọ̀rọ̀ náà sínú àpò mi, mo sì fi ránṣẹ́ sí Aṣùmọ́ra.

Ọjọ́ keje tí mo kúrò nílé ni mo dé ibi tí àpáta gbé ń mí èéfín. Níbẹ̀ ni Ìyá Aránèéfín jókòó sí lórí ẹní àwọ̀ dúdú, ìrànwú lọ́wọ́ rẹ̀. Èéfín ń jáde lẹ́nu àpáta, ó ń fà á, ó ń lọ́ ọ, ó ń di òwú. Ẹ má rò pé òwú bí èyí tó wà lára aṣọ yín. Bí ẹ bá la irun orí kan sí ọ̀nà ẹgbàárùn-ún, òwú yìí ṣì kéré jù ú lọ. Ihò sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọọrọ gbọọrọ bí fèrè, bí egungun apá ẹyẹ. Ojú ọdẹ nìkan ló lè rí i.

Mo dọ̀bálẹ̀. "Màmá, ìyá mi fẹ́ wọ ọkọ̀ tó lè là."

"Kí ló dé tí o kò dá a dúró?"

"Ẹ kò mọ̀ ọ́n, màmá."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Jókòó síwájú èéfín yìí. Bí mo bá ń ran tìrẹ, o kò gbọ́dọ̀ wúkọ́, o kò gbọ́dọ̀ nu ojú, o kò sì gbọ́dọ̀ fọ́nnu. Atẹ́gùn ẹnu rẹ á já òwú mi."

"Ó mà mọ̀ yín o!" Tìjání ké, gbogbo yín náà sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rín. Ẹ máa rín.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ni mo ní, "Kékeré lèyí lójú èmi tó pa..." òwú já. Ó tún un bẹ̀rẹ̀. Mo wúkọ́, ó já. Ó tún un bẹ̀rẹ̀. Omi ojú mi ń ṣàn dé ìdodo, ata ayé gbogbo wà nínú imú mi. Mo wá di ojú mi, mo sì ń wo ẹsẹ̀ ìyá mi lọ́kàn mi, àtẹ́lẹsẹ̀ tó ti sán, àtàǹpàkò tó wọ́ díẹ̀ sápá òsì, bó ṣe máa ń gbé e lé etí ọkọ̀ tuntun láìwo ẹ̀yìn. Mo wo ẹsẹ̀ yẹn fún ọjọ́ kan gbáko. Mi ò wúkọ́. Mi ò sọ̀rọ̀. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Níwọ̀n ìgbà tí ẹsẹ̀ yẹn bá ń lọ sínú ọkọ̀, èmi kò ní dìde.

Nígbà tí mo la ojú, àdó mi ti kún fún nǹkan dúdú tó fúyẹ́ ju ẹ̀rí-ọkàn olè lọ.

"Gbọ́," ni Ìyá Aránèéfín wí. "Omi kíkan ni kí o kọ́kọ́ fi wẹ̀ ẹ́, kó lè di oje mú. Bó bá wọnú oje, ṣe ni yóò fẹ́ ṣùpọ̀, nítorí wọ́n fẹ́ràn ara wọn jù. Kí lo máa ṣe?"

"Màá fọn fèrè."

"O gbọ́n díẹ̀. Orí èékánná ìka rẹ tó kéré jù lọ, òun ni ìwọ̀n tó wà fún odindi ìkòkò oje. Má ṣe fi nǹkan kan lé e."

"Màmá, orí èékánná? Ẹ kò ní fi èènì sí i?"

"Mo ní má ṣe fi nǹkan kan lé e. Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ."

Mo fi ọjọ́ méje padà sílé. Omi ti gun ìgànná dé orí, ebi ti hàn lójú àwọn ọmọdé. Omídìjí ti mọ amọ̀, ó ti hun aṣọ ìko, ìkòkò oje méjèèjì sì ń hó lórí iná. Mo dé lákòókò.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí mo bá ń fọ́nnu, ó yẹ kí n sọ ìtìjú mi pẹ̀lú. Ẹ mọ ibi tí wọ́n ti tọ́ mi. Ní Etídò, a kì í wọn nǹkan fún èèyàn láìfi èènì sí i. Ẹni tó bá wọn iyọ̀ fún ẹ tí kò fi ìka mẹ́ta bù sí i, ahun ni, a ò sì ní lọ síbi òkú rẹ̀. Mo fi omi kíkan wẹ òwú náà, mo bu orí èékánná kan sínú oje. Ó kéré. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú tì mí. Ìyá tó bí mi ni yóò jókòó sínú ọkọ̀ yìí, mo wá ń wọn ìgbàlà rẹ̀ bí ahun? Mo fi èènì sí i. Mo tún fi èènì ti Omídìjí sí i. Mo fi ti baba wa tó ti kú sí i. Kí n tó mọ̀, mo ti da gbogbo àdó náà sínú ìkòkò kan, inú mi sì dùn bí ẹni tó ṣe oore.

Oje náà ki bí ẹ̀kọ àná. Mo fọn fèrè títí ètè mi fi wú, òwú ṣùpọ̀ mọ́ra kókó kókó, kò tú. Omídìjí fi díẹ̀ lẹ pákó kan, ó sá a sóòrùn, ó gbé e lé orúnkún. Pẹ́ẹ́! Ó ṣẹ́ bí ìpékeré.

Àbúrò mi wo ojú mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, èló lẹ fi sí i?"

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún, èmi tí ẹfọ̀n ń sá fún. Ìrìn ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, imú iwin, igba èèyàn, èéfín ọjọ́ kan gbáko, gbogbo rẹ̀ wọ inú ìkòkò kan ó di ìdọ̀tí.

Ìyá wa gbọ́ ẹkún, ó jáde wá. A ròyìn fún un. Kò bínú. Ó ní, "Gbé àdó yẹn wá." Ó fi ojú kan wo inú rẹ̀ bí ìgbà tí obìnrin bá ń wo ìgò epo tí wọ́n ní ó tán. Ó rọ omi ọsàn kíkan díẹ̀ sí i, ó mì í, ó mì í, ó sì da omi náà sínú àwo. Omi náà dúdú díẹ̀, bí ojú ọ̀run tí kò tíì pinnu pé òun á rọ òjò. Ó gbé àwo náà sóòrùn títí omi inú rẹ̀ fi gbẹ, ó wá fi ìyẹ́ adìẹ gbá ohun tó kù sínú ìkòkò oje kejì.

"Màmá," mo ní, "èyí kò pọ̀ rárá. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tó ṣùpọ̀ lọ́hùn-ún kún un, kó tó..."

Ó gbá ọwọ́ mi dànù. "Ọdẹ́gbàmí! Èènì la fi ń bọ̀wọ̀ fún èèyàn. Oje kì í ṣe èèyàn. Oje ò mọ̀ pé o fẹ́ràn mi. Fọn fèrè rẹ."

Mo fọn ọ́n. Láti ìgbà tí oòrùn ti yọ títí tó fi dé àtàrí ni mo ń fọn ọ́n lé ìkòkò náà, gbogbo ajá Etídò sì ń hu bí ẹni pé ayé ti parẹ́. Oje náà dúdú, ó dán, kò sí kókó kan nínú rẹ̀. Omídìjí tẹ́ aṣọ, ó da oje. Ó tẹ́ aṣọ, ó da oje, ìpele méje. Ọkọ̀ kékeré kan ni oje náà mọ, èèyàn mẹ́ta ló lè gbà.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún pé. Gbogbo ìlú wà létí omi. Ìyá wa dé pẹ̀lú agbọ̀n ńlá lórí.

"Màmá, kí lẹ fẹ́ fi agbọ̀n ṣe?"

"Ṣé ọwọ́ òfìfo ni ẹ rò pé màá bá bọ̀ láti oko? Ẹ gbé ọwọ́ yín kúrò, mo mọ bí wọ́n ṣe ń wọ ọkọ̀." Ó gbé ẹsẹ̀ tí mo ti ń wò lọ́kàn mi lé etí ọkọ̀, ó wọlé, ó jókòó. Omídìjí mú àjẹ̀. Mo wọlé tẹ̀lé wọn. Wọ́n ní àṣà kò fi èmi sí i. Mo ní ẹni tó po oje gbọ́dọ̀ jókòó lé e.

Ẹ̀yin ará, omi gbé wa bí ìgbà tí ọmọdé ń fi ìkarahun ṣeré. Omídìjí wa ọ̀tún, omi gbé wa sí òsì. A rí Eyín Odò tó ń bọ̀, ó funfun lẹ́nu, ìfófòó ń dà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá wa di agbọ̀n rẹ̀ mú. Gbì ì ì! Ó gbá wa níwájú, mo sì gbọ́ ohun tí gbogbo Etídò ti mọ̀ sí ohùn ikú: pẹ́.

Ìlà funfun kan yọ lára ọkọ̀ dúdú. Ó sáré ní ìwọ̀n ìka kan. Ó sáré ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́. Ọ̀dọ̀ ẹsẹ̀ ìyá wa ló ń bọ̀. Mo fi ojú sún mọ́ ọn, ojú tó ń rí irun ìpéǹpéjú èèrà, mo sì rí wọn nínú ìlà náà: òwú èéfín, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, kálukú dúró lójú ihò tirẹ̀ bí àwọn ará Aṣùmọ́ra, wọ́n di oje ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún mú, wọ́n di ti òsì mú, wọ́n ń nà, wọ́n ń nà, wọn kò já. Ìlà náà rìn díẹ̀ sí i. Ó falẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò ìyá wa, tó wọ́ díẹ̀ sápá òsì, ó dúró.

Ìyá wa fi àtàǹpàkò náà tẹ orí ìlà. "Ṣé ibi tó dé rèé?"

"Ibẹ̀ ni, màmá."

"Ó dára. Omídìjí, wa ọkọ̀."

A dé oko, a wa iṣu kún agbọ̀n, a padà. Ẹ̀ẹ̀kejì tí Eyín Odò tún gbá wa, ìlà náà kò kúrò níbi tó wà. Kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, ìgbà mẹ́jọ ni ọkọ̀ náà lọ tó bọ̀, iná sì jó nínú gbogbo ilé ìdáná Etídò. Ẹ̀ẹ̀run tó tẹ̀lé e, àwọn ará ìlú kó oje tuntun jọ, mo tún padà lọ bá Ìyá Aránèéfín, mo sì jókòó síwájú èéfín láìfọhùn. Ọdún mẹ́rìndínlógún sí i ni Àwẹ̀ró fi wọ ọkọ̀ tuntun. Orí ẹní rẹ̀ ló kú sí, ara rẹ̀ gbẹ, omi kò kàn án.

"Bàbá ọdẹ," Tìjání ní, ó sì fi èèpo àgbàdo nu ẹnu, "ìtàn yìí dùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí dà? Ọ̀rọ̀ ọdẹ, ta ló bá a débẹ̀?"

Tìjání, dìde. Ramọ́tù, bá a gbé ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ yí ìjókòó yẹn padà.

Ẹ rí i? Kì í ṣe igi. Ọkọ̀ tí a dojú rẹ̀ dé ni. Fi ìka rẹ síwájú níbẹ̀, Tìjání, níbi tó ti wọnú díẹ̀. Máa tọ̀ ọ́ lọ. Máa tọ̀ ọ́ lọ. Ìka rẹ dúró?

"Ó dúró," Tìjání wí. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Ibí yìí ló mọ. Kò gùn jù báyìí lọ?"

Kò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ láti ọdún mọ́kàndínlógójì. Ẹ dojú rẹ̀ dé, kí ẹ jókòó, òjò ti ń bẹ̀rẹ̀. Tìjání, àgbàdo rẹ ti tán. Gba òmíràn. Gba èyí náà kún un, èènì rẹ ni. Ìwọ kì í ṣe oje.